Imú Eléja

Ẹni tó bá rò pé imú ọmọ ènìyàn kò mọ̀ ju kó máa mí lọ, kó tẹ̀lé eléja kan láti Imeke dé ọjà Àgbálátà, l'Ágbádárìgì. Kì í sanwó ẹja òkun lójú lásán. Yóò ṣí etí ẹja náà, ibi pupa tó fi ń mí, yóò sì gbé e sún mọ́ imú. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti omi bọ̀, òórùn omi iyọ̀ ni yóò gbọ́. Bó bá ti pẹ́, àwọn kòkòrò àìfojúrí á ti máa sọ èròjà kan nínú ẹran rẹ̀ di trimethylamine, èyí tó ń bá afẹ́fẹ́ lọ. Ojú kò tíì rí ohunkóhun, imú ti mọ̀. Òun náà ni ọsàn wẹ́wẹ́ tí a fi ń fọ ẹja ń bá jà: kíkan rẹ̀ ń dè é mọ́lẹ̀ kó má lè fò sókè mọ́.

Lókè inú ihò imú ni iṣẹ́ gbígbóòórùn yìí wà. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Linda Buck àti Richard Axel, ló tú àṣírí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1991, tí wọ́n fi gba ẹ̀bùn Nobel ní 2004. Nǹkan bí 400 oríṣi agbòórùn, ìyẹn àwọn ohun tó ń gbá òórùn mú nínú imú, la ní. Òórùn kan lè jí púpọ̀ nínú wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó jí àti èyí tí kò jí ni ọpọlọ fi ń mọ̀ pé irú nìyí, èéfín nìyẹn. Ní 2014 àwọn olùwádìí kan ní òórùn tí a lè yà sọ́tọ̀ ju tírílíọ̀nù kan lọ; ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn mìíràn ní ìṣirò náà kò dúró. Iye yẹn kọ́ ló jọ mí lójú, bí kò ṣe pé imú ń gbẹ̀kọ́. Ní Yunifásítì Berkeley ní Amẹ́ríkà, àwọn olùwádìí di àwọn ènìyàn lójú, wọ́n fa òórùn ṣokoléètì sórí koríko, àwọn yẹn sì rá tọ ipa rẹ̀. Àwọn tó ń tún un ṣe ń yára sí i. Ẹ̀kọ́ yìí kan náà leléja ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ nídìí agbọ̀n ẹja.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fáwọn èèyàn mi pé kí wọ́n má fojú kékeré wo ọ̀fìnkìn. Nígbà tí àrùn kòrónà gba òórùn lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ní 2020, ata ṣì ń ta púpọ̀ nínú wọn lẹ́nu, ṣùgbọ́n adùn ọbẹ̀ ti lọ. Eléja tí imú rẹ̀ bá dí, kó pe ẹlòmíràn wá bá a gbóòórùn ẹja kó tó sanwó.