Aago Ọwọ́ Òṣùpá
Omega Speedmaster, Switzerland, 2019. Irin àti wúrà. Ẹyọ 6,969 péré ni wọ́n ṣe.

Ìrántí ọdún 50 tí ẹsẹ̀ ènìyàn kọ́kọ́ tẹ òṣùpá ni. Lóṣù Keje 1969, arìnrìn-àjò òfuurufú Buzz Aldrin so Speedmaster tirẹ̀ mọ́wọ́ rìn níbẹ̀. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Neil Armstrong, fi tirẹ̀ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tó gbé wọn sọ̀ kalẹ̀, nítorí aago ọkọ̀ náà ti bàjẹ́. Aago ọwọ́ yìí kò lo bátìrì: ọwọ́ la fi ń yí i.

Nàìjíríà kì í ṣe àlejò nínú ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò òfuurufú. Ní 1962, ibùdó kan ní Kano wà lára àwọn tó tọpa arìnrìn-àjò òfuurufú John Glenn bó ti ń yípo ayé. Ifẹ̀ sì ní ibùdó ẹ̀kọ́ ìmọ̀ òfuurufú nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ (OAU).

Ẹ wo ojú aago kékeré tó wà lápá òsì aago ọwọ́ yìí: àwòrán Aldrin bó ti ń sọ̀ kalẹ̀ sórí òṣùpá ló wà níbẹ̀.