Okùn Mẹ́ta Tó So Fódà Òfìfo

Lọ́dún 1979, nígbà tí Bell Labs ní ìpínlẹ̀ New Jersey, Amẹ́ríkà, gbé ẹ̀dà keje Unix, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, jáde, ẹnikẹ́ni ló lè pa fáìlì tirẹ̀ rẹ́. Ti fódà kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá ẹ̀rọ, ẹni tí wọ́n ń pè ní root, nìkan ló láṣẹ láti gé e kúrò.

Kọ̀ǹpútà PDP-11 kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ èèyàn jọ ń lò pa pọ̀ nígbà náà, tí gbogbo wọn ń kó iṣẹ́ wọn pamọ́ sórí dísíkì kan náà. Àṣìṣe ẹnì kan lórí fódà lè ba ti gbogbo wọn jẹ́.

Nínú Unix ọjọ́un, fódà fúnra rẹ̀ kò ju fáìlì kékeré kan lọ, tí wọ́n to orúkọ sínú rẹ̀. Báìtì 16 ni ti orúkọ kọ̀ọ̀kan: 2 fún nọ́ńbà, 14 fún orúkọ gan-an. Nọ́ńbà yẹn ló ń júwe ibi tí àkọsílẹ̀ fáìlì wà: ta ló ni ín, báwo ló ṣe tóbi tó, apá ibo lórí dísíkì ló wà. Bí ènìyàn bá pa fáìlì rẹ́, nọ́ńbà náà á di òdo, ṣùgbọ́n orúkọ á ṣì wà níbẹ̀ títí òmíràn á fi gba àyè rẹ̀.

Orúkọ dà bí okùn tó di fáìlì mú. Àkọsílẹ̀ ń ka iye okùn náà. Tí wọ́n bá já tán, tí kò sì sí ètò kankan tó ṣì ń lo fáìlì náà, Unix á gba àyè rẹ̀ padà. Ó ti lọ nìyẹn. TENEX, ètò mìíràn irú Unix tí wọ́n kọ́ fún kọ̀ǹpútà PDP-10, láàánú ju bẹ́ẹ̀ lọ: fáìlì tí wọ́n pa rẹ́ níbẹ̀ ṣì ṣeé gbà padà, àyàfi tí wọ́n bá ti gbá a dànù pátápátá.

Fódà òfìfo pàápàá ní okùn mẹ́ta. Orúkọ rẹ̀ nínú fódà tó bí i ni èkíní. Àmì tóótó kan (.) tó fi ń tọ́ka sí ara rẹ̀ ni èkejì. Àmì tóótó méjì (..) tó fi ń tọ́ka sí òbí rẹ̀ ni ẹ̀kẹta. Ètò kékeré kan, rmdir, ló ń gé wọn. Wọ́n yá a ní agbára root, kí ẹni tí kì í ṣe ọ̀gá lè rí fódà tirẹ̀ yọ. Yóò kọ́kọ́ yẹ inú fódà wò, bó bá bá fáìlì kankan níbẹ̀, ó kọ̀ nìyẹn. Bí kò bá sí, yóò gé okùn náà lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó ń tọ́ka sí òbí ni yóò fi bẹ̀rẹ̀.

Ọgbọ́n gidi ni, ṣùgbọ́n àlàfo tó wà láàárín yíyẹ̀wò àti gígé léwu. Ẹlòmíràn lè fi fáìlì sínú fódà náà lásìkò yẹn gan-an, kí fáìlì ọ̀hún wá di aláìlórúkọ lórí dísíkì. Iná sì lè lọ kí gígé tó parí, kí iye okùn má sì bára mu mọ́. Ọ̀gá ẹ̀rọ á wá fi ètò dcheck wá ibi tí ìṣirò ti yẹ̀, kó tó lè tún un ṣe.

Ní 1983, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí Unix ní Yunifásítì California tó wà ní Berkeley gbé iṣẹ́ yíyọ fódà wọnú ìdí Unix fúnra rẹ̀ nínú ẹ̀dà 4.2BSD. Àṣẹ kan ṣoṣo ló wá ń yẹ fódà wò, tó sì ń yọ ọ́. Ẹni tó bá lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ nǹkan sínú fódà òbí lè yọ fódà òfìfo inú rẹ̀, láìsí pé wọ́n ń yá ètò kankan ní agbára root.