Alia, ọmọ Jàmáíkà tó pa ẹlẹ́gàn lẹ́nu mọ́ nínú omi!

Bí wọ́n bá ti dárúkọ Jàmáíkà, eré sísá ló ń sọ síni lọ́kàn. Ó sì ti pẹ́ tí àwọn kan ti ń sọ pé aláwọ̀ dúdú ò lè lúwẹ̀ẹ́ débi tó lápẹẹrẹ, wọ́n ní egungun wọn wúwo jù. Irọ́ gbuu! Alia Atkinson ló já wọn nírọ́.

Ìlúwẹ̀ẹ́ bí ọ̀pọ̀lọ́ ni ti Alia. Ọwọ́ méjèèjì á jọ gbá omi, ẹsẹ̀ méjèèjì á jọ ta á sẹ́yìn, orí á yọ síta láti mí. Òun ló falẹ̀ jù nínú ìlúwẹ̀ẹ́ ìdíje, ṣùgbọ́n kò rọrùn o!

Ọmọ ọdún 15 ni Alia nígbà tó lọ sí Òlíńpíìkì Athens ní 2004. Ó tún lọ sí Beijing ní 2008. Ọwọ́ òfo ló gbé bọ̀ lẹ́ẹ̀mejèèjì.

Ó wá di London, 2012. Àyè ènìyàn mẹ́jọ ló wà nínú àṣekágbá mítà 100. Àfi bí Alia àti Tera van Beilen ará Kánádà ṣe jọ ṣe ipò kẹjọ! Wọ́n ní kí àwọn méjèèjì tún un wẹ̀. Alia borí, ó wọlé, ó sì ṣe ipò kẹrin. Ẹni kẹta gba mẹ́dàlì. Kí ni wọ́n ń fún ẹni kẹrin? Àtẹ́wọ́ lásán ni.

Ẹlòmíì ì bá ti lọ jókòó sílé. Alia kọ̀, ó ń wẹ̀ ẹ́ lọ. Ní December 2014, wọ́n pàdé ní Doha fún ìdíje àgbáyé inú odò oní mítà 25. Ruta Meilutyte ará Lithuania, tó gba góòlù London, wà níbẹ̀. Alia fi ìṣẹ́jú kan àti àáyá 2.36 dé, Ruta fi ìṣẹ́jú kan àti àáyá 2.46 tẹ̀ lé e. Nígbà tí Alia wo pátákó èsì, ńṣe lẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Òun ni obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba góòlù àgbáyé nínú ìlúwẹ̀ẹ́!

Òlíńpíìkì márùn-ún ló lọ kó tó fẹ̀yìn tì ní 2021, kò gba mẹ́dàlì kan níbẹ̀. Ìyẹn dunni. Ṣùgbọ́n bó pẹ́ títí, akólòlò á pe "baba". Ní Doha, Alia pè é, gbogbo ayé sì gbọ́.