Nígbà Tí Ọjà Bá Bá Èèyàn Wọ Yàrá

Ẹ fojú inú wo ilé télọ̀ kan. Aago méjì òru ti kọjá díẹ̀. Ìyá Ìbejì ta jí, ó na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì bẹ́ẹ̀dì, kò kan ẹnikẹ́ni. Ọkọ rẹ̀ ló jókòó sórí àga nínú òkùnkùn, tí iná fóònù ń tàn sí i lójú.

“Bàbá Ìbejì, ṣé kò sí o?”

“Kò sí nǹkan kan. Sùn, jàre.”

Kì í ṣe irọ́ pátápátá ló pa. Kò sí àìsàn, kò sí obìnrin mìíràn. Iye owó góòlù ló ń wò bó ṣe ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀, nítorí ó ti fi owó sí i pé yóò gòkè.

Irú èyí wà ní ọ̀pọ̀ ilé báyìí, láti Ìbàdàn dé Kàdúná, láti Pọtakọ́ọ̀tù dé Jọ́ọ̀s. Láyé àtijọ́, ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú òwò yìí gbọ́dọ̀ wọ aṣọ, kó lọ bá bùrókà ní ọ́fíìsì, kó kọ fọ́ọ̀mù, kó sì padà sílé lọ dúró. Lónìí, fóònù àti dátà ti tó. Ọjà forex, níbi tí wọ́n ti ń fi owó orílẹ̀-èdè kan ra ti òmíràn, máa ń ṣí ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú níbí, kì í sì í tì títí di alẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Bitcoin àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kì í tì rárá. Ọjà Bódìjà máa ń tú. Bí ilẹ̀ bá ṣú, àwọn ìyálọ́jà á palẹ̀ mọ́, wọn á da ọ̀rá bo ẹrù, wọn á lọ sílé lọ gbọ́ ti ọmọ. Ọjà inú fóònù kò ní ẹni tí yóò tú u àfi ẹni tó ń ná an, ẹni náà gan-an sì ni kò fẹ́ kó tú.

Owó kékeré ni wọ́n fi ń wọ̀ ọ́, agbára àyálò ló ń sọ ọ́ di ńlá. Ká ní èèyàn ní 100 dọ́là nínú àkáǹtì. Bùrókà lè jẹ́ kó fi ṣe òwò 10,000 dọ́là, ìyẹn ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. Bí iye ọjà bá fi ìdá kan péré nínú ọgọ́rùn-ún lọ síbi tó fẹ́, 100 rẹ̀ ti di 200. Bó bá fi ìdá kan náà lọ sí òdìkejì, 100 ti tán nìyẹn, bùrókà á sì ti pa òwò náà dé láì bi í. Góòlù lè rìn ju bẹ́ẹ̀ lọ lọ́jọ́ kan. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì tí ìjọba Amẹ́ríkà bá kéde iye iṣẹ́ tó yọ nínú oṣù, ó lè sáré débẹ̀ kí ẹni tó ń jẹ ọkà tó bu òkèlè kejì.

Àwọn bùrókà máa ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní owó àfidánrawò, owó tí kì í ṣe owó. Ọ̀pọ̀ máa ń jèrè lórí rẹ̀, ọkàn wọn á sì balẹ̀ bí ọkàn ẹni tó ń ta ayò lábẹ́ igi. Nígbà tí owó gidi bá dé, àwọn ìlà orí fóònù kò yí padà. Èèyàn ló yí padà. Ní 1979, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá méjì, Daniel Kahneman àti Amos Tversky, kọ̀wé pé àdánù máa ń dunni ju bí èrè tó jẹ́ iye kan náà ṣe ń múnú ẹni dùn lọ. Nítorí ẹ̀, ẹni tó ń jèrè á yára sá jáde pẹ̀lú èrè kékeré. Ẹni tó ń pàdánù á jókòó tì í, torí pé títì í pa ni yóò sọ àdánù náà di òtítọ́. Ohun tó máa ń sọ fún ara rẹ̀ ni pé, “Ó máa padà.”

Àwọn òbí tó dàgbà mọ gbólóhùn yẹn dáadáa. Nígbà tí báńkì àpapọ̀ ní kí báńkì kọ̀ọ̀kan ní bílíọ̀nù 25 náírà kí ọdún 2005 tó parí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìpín okòwò, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí ṣíà, fún mùtúmùwà. Tíṣà rà, òṣìṣẹ́ ìjọba rà, oníṣòwò aṣọ rà, àwọn kan tiẹ̀ yá owó báńkì láti fi ra ṣíà báńkì. Ní oṣù kẹta 2008, òṣùwọ̀n ọjà ṣíà Nàìjíríà kọjá 66,000. Kí ọdún kan tó yípo tán, ó ti wá sí nǹkan bí 20,000. Ó padà lóòótọ́, ṣùgbọ́n 2023 ló tó kọjá ibi tó wà ní 2008. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Náírà tó bá a padà kì í ṣe náírà tó bá a lọ, àwọn báńkì kan tí wọ́n ra ṣíà wọn kò sì sí mọ́. Ìwé ẹ̀rí wọn ṣì wà nínú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì níbòmíràn.

Síbẹ̀, ó jọ pé èrè àkọ́kọ́ máa ń ba ayé ẹni jẹ́ ju àdánù àkọ́kọ́ lọ. Owó oṣù tó kéré jù tí òfin fi lélẹ̀ ní 2024 jẹ́ 70,000 náírà. Ẹni tó bá jẹ 60 dọ́là láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti kọjá rẹ̀ kí tíì tó tutù. Láti ọjọ́ náà, agbádá tí Bàbá Ìbejì ń fi ọjọ́ mẹ́ta rán di ìyà lójú rẹ̀. Oníbàárà tó ń dúnàádúrà ẹgbẹ̀rún méjì di ẹni tó ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ó ṣì ń gba aṣọ lọ́wọ́ wọn, kò kàn gé e mọ́ ni. Bí ọmọ bá ní kí dádì wo iṣẹ́ ilé òun, á ní “mo ń bọ̀,” ojú á sì tún padà sórí fóònù. Inú rẹ̀ kì í dùn, inú rẹ̀ kì í bàjẹ́, àfi bí ìlà yẹn bá gbéra.

Àwọn kan ń jẹun níbẹ̀, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n ní 2018, àjọ tó ń bójú tó ọjà ìdókòwò ní Yúróòpù ṣàlàyé pé nínú ọgọ́rùn-ún àkáǹtì àwọn aráàlú tó ń ṣe irú òwò àyálò yìí, láti 74 dé 89 ló ń pàdánù. Àwọn olùwádìí Amẹ́ríkà méjì, Brad Barber àti Terrance Odean, wo ìwé ìṣirò ilé tó lé ní 66,000 láti 1991 sí 1996: ọjà ṣíà fúnra rẹ̀ mú ìdá 17.9 nínú ọgọ́rùn-ún wá lọ́dún, àwọn tó ń rà tí wọ́n ń tà jù sì rí 11.4. Ẹni tó ń ta kíláàsì forex ní tirẹ̀ kì í pàdánù lórí kíláàsì.

Àwọn tó pẹ́ lórí ẹ̀ sábà máa ń hùwà bí akọ̀wé ju bí akọni lọ. Wọ́n ní ìwé tí wọ́n ń kọ ohun tí wọ́n rà sí, àti ìdí tí wọ́n fi rà á. Wọ́n ti pinnu ibi tí òwò yóò ti pa ara rẹ̀ dé kí wọ́n tó wọ̀ ọ́, wọn kì í sì í sún ibẹ̀ síwájú bí ọjà bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Owó ilé ìwé kì í bá wọn débẹ̀. Àti pé ẹnì kan nínú ilé mọ iye tó wà nínú àkáǹtì. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni ọ̀pọ̀ baálé ilé kò lè ṣe, nítorí ẹnu tó ní “kò sí nǹkan kan” lóru ni yóò tún là á láàárọ̀.

Ìyá Ìbejì kò bi í pé èló ló lọ. Nígbà tó gbé ẹ̀kọ fún un láàárọ̀, ohun tó bi í ni pé, “Èló ló kù?”

Ó pẹ́ kó tó dáhùn. “Kò ju ìdajì lọ. Owó ilé ìwé àwọn Ìbejì wà nínú èyí tó lọ.”

Obìnrin náà jókòó. Kò pariwo. Ó ka owó àjọ tó máa kó lóṣù tó ń bọ̀ lórí ìka rẹ̀, ó sì tún un kà. “Kò ní tó,” ló wí. “Agbádá mélòó ló wà nílẹ̀?”

“Mẹ́rin.”

“Ẹ fún mi ní fóònù yẹn.”

Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀ kó tó gbé e lé e lọ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ló na ọwọ́ sí àpò níbi tí fóònù máa ń wà kí aago mẹ́sàn-án tó lù. Lẹ́yìn náà ló mú sísọ́ọ̀sì, tó tẹ́ aṣọ oníbàárà tó ti wà lórí tábìlì láti ọjọ́ Ajé, tó sì gé e.