Ọ̀dàn Amẹ́ríkà: koríko tí iná kì í pa, tí igi sì fẹ́ pa

Ẹni tó bá rí ọ̀dàn àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà lọ́jọ́ kejì tí iná jó o á rò pé ó ti tán nìyẹn. Ilẹ̀ á dúdú, ewé kan ò ní sí níbẹ̀. Àmọ́ kí òjò rọ̀ báyìí, láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, koríko ti yọ padà. Ẹni tó bá mọ ọ̀dàn Òkè Ògùn mọ̀ pé èyí kì í ṣe idán.

Ọ̀dàn tí à ń sọ yìí gba North Dakota, Nebraska àti Kansas kọjá títí dé Texas. Lápá ìlà oòrùn rẹ̀, òjò pọ̀, koríko ibẹ̀ lè ga ju èèyàn lọ. Lápá ìwọ̀ oòrùn, lẹ́bàá òkè Rocky, òjò ò tó, koríko ò sì ga rárá. Àárín méjèèjì ni tiwa yìí wà, koríko rẹ̀ ò ju orúnkún sí ìbàdí lọ. Tí òjò bá dáa, èyí tó ga á gbilẹ̀. Tí ọ̀dá bá dé, èyí tó kúrú á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Abẹ́ ilẹ̀ ni àṣírí wà. Ọ̀jọ̀gbọ́n John Weaver ti Yunifásítì Nebraska gbẹ́ kòtò tó jìn ju èèyàn lọ kó lè tọ ipasẹ̀ gbòǹgbò. Little bluestem, tó jẹ́ ẹbí èèrùwà tiwa, kì í sábà ga ju ẹsẹ̀ bàtà 3 lọ, ṣùgbọ́n gbòǹgbò rẹ̀ ń wọlẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 5 lọ. Ibi tí ewé tuntun ti ń yọ náà sún mọ́ ilẹ̀, iná ò sì fi bẹ́ẹ̀ rí i mú.

Ọ̀dá ọdún 1930 síwájú fìyà jẹ ẹ́ o. Weaver àti F. W. Albertson rí i tí little bluestem ń kú lọ rẹpẹtẹ, tí western wheatgrass sì ń gba ipò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí wọ́n ti fi katakata tú láti gbin àlìkámà ló jẹ ìyà jù, torí kò sí gbòǹgbò tó máa di erùpẹ̀ mú mọ́. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹrin ọdún 1935, ọjọ́ Sunday, eruku bo ojú ọ̀run débi pé ọ̀sán di òru.

Wàhálà tòní yàtọ̀. Kí òyìnbó tó dé, àwọn tó ni ilẹ̀ náà máa ń dáná sun koríko, ẹfọ̀n ibẹ̀ tí wọ́n ń pè ní bison á sì wá jẹ èyí tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Òyìnbó pa ẹfọ̀n yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa iná. Igi kan tó ń jẹ́ redcedar bá rí àyè. Ó ń ṣíji bo koríko, ó ń fa omi, màlúù ò sì rí nǹkan jẹ lábẹ́ rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí àwọn olùsìn màlúù ní Nebraska àti Oklahoma fi ń kóra jọ báyìí, tàwọn ti ọkọ̀ omi, láti fọwọ́ ara wọn dáná sun pápá. Redcedar kì í rú padà tí iná bá ti pa á. Àmọ́ ó dọwọ́ kí wọ́n tètè ṣe é. Èyí tó ṣì kéré, iná koríko tó o. Èyí tó bá ti di igi ńlá, tí koríko ò sí lábẹ́ rẹ̀ mọ́, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gégi ló kù, owó gidi nìyẹn sì máa ná wọn.