Fèrè Tó Wá Bá Èrò Nílé

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ ti gbọ́ nípa Whit Friday? Ní Saddleworth, nítòsí Manchester, ní ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀lé Pẹ́ńtíkọ́sì, àwọn ẹgbẹ́ afọnfèrè idẹ máa ń lọ láti abúlé dé abúlé, wọ́n ń díje ní ìta gbangba. Adájọ́ kì í rí wọn. Etí nìkan ló fi ń dájọ́. Tọmọdé tàgbà ló ń tú jáde, nítorí fèrè ló wá bá wọn nílé.

Bẹ́ẹ̀ náà ni l'Ékòó: bí wọ́n bá ń sìnkú àgbà, tí fèrè ń dún lójú pópó, àdúgbò á jáde.

Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ èrò, kó jáde ní gbọ̀ngán. Fèrè tí ọmọdé kò gbọ́ lónìí, ta ni yóò fọn ọ́n lọ́la? Ẹ mú àwọn ọmọ lọ gbọ́ ẹgbẹ́ àdúgbò yín.