Irun Dídì àti Irun Kíkó: Ọ̀nà Tí Yorùbá Ń Gbà Dá Irun Gígùn Sí

Nínú àṣà Yorùbá, obìnrin kì í sábà tú irun rẹ̀ sílẹ̀ jáde, nítorí pé àmì ọ̀fọ̀ tàbí ti àìsàn tó dá ènìyàn dùbúlẹ̀ ni orí tí a kò dì máa ń jẹ́ lójú àwọn àgbà. Ọ̀wọ̀ fún orí, tí í ṣe ibùjókòó ìpín ẹ̀dá, wà lára ìdí rẹ̀, òun náà ni kò sì jẹ́ kí wọ́n máa gbé orí fún ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá ṣáà rí. Ṣùgbọ́n ìdí mìíràn wà tó jẹ mọ́ irun fúnra rẹ̀, èyí tó yẹ kó jẹ àwọn òbí tó ń tọ́ ọmọ ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Houston lógún jù: irun tó wà ní dídì ti bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ohun tó ń gé irun.

Irun orí a máa hù tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 1 lóṣù, ti ènìyàn dúdú sì máa ń fà díẹ̀ sẹ́yìn. Nígbà tí òbí bá ń ráhùn pé irun ọmọ òun kò gùn, kì í sábà jẹ́ pé kò hù; bó ti ń hù nídìí ló ń gé lẹ́nu. Ọ̀rá tí awọ orí ń tú jáde kì í tètè dé ẹnu irun tó lọ́ wé ara rẹ̀, ẹnu irun náà a wá gbẹ, òòyà a sì máa já a níbi tó ti lọ́. Àwọn tó ń polówó ìpara amúrungùn kì í sọ èyí. Òrí àti àdín àgbọn pàápàá kò mú irun hù. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọn kì í jẹ́ kí omi inú irun tètè gbẹ, iṣẹ́ ńlá sì nìyẹn.

Irun dídì ni èyí tí a fi ọwọ́ hun mọ́ awọ orí, bíi ṣùkú, tí gbogbo ìlà rẹ̀ ń gòkè lọ pàdé ní àtàrí, tàbí kòlẹ́sẹ̀, tí ó parí sí ìpàkọ́ láìní ìrù tó ń rọ̀ sílẹ̀. Irun kíkó ní tirẹ̀ ni èyí tí a fi òwú dúdú wé, àwọn ọmọ tí a bí sí òkè òkun kò sì mọ̀ ọ́n tó bó ṣe yẹ, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló wúlò jù fún irun tó ń gé. Onídìrí yóò fi omi díẹ̀ àti òrí rọ irun, yóò pín in sí ọ̀nà, yóò sì ya ìpín kọ̀ọ̀kan láti ẹnu wá sí ìdí. Lẹ́yìn náà ni yóò so òwú mọ́ ìdí irun, tí yóò máa fi ọwọ́ kan na irun, tí yóò sì máa fi ọwọ́ kejì yí òwú náà ká a títí dé ẹnu, níbi tí yóò ti ta á ní kókó. Bí a bá tú u lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, irun náà yóò ti nà gbọọrọ láìsí iná, láìsí kẹ́míkà. Ẹni tó bá fẹ́ rí ibi tí iṣẹ́ ọnà yìí lè dé, kó wo àwọn fọ́tò tí J.D. 'Okhai Ojeikere bẹ̀rẹ̀ sí í yà ní Nàìjíríà ní ọdún 1968, tó jẹ́ pé láti ẹ̀yìn ni ó ti ya púpọ̀ nínú wọn, tí ìlà orí fi hàn kedere.

Àbùkù kan wà nínú àṣà yìí tí kò yẹ kí a fi ẹwà bò, òun ni dídì tó le jù, pẹ̀lú bí wọ́n ṣe máa ń sọ fún ọmọ tó ń sunkún pé kó mú un mọ́ra. Àwọn kókó wẹ́wẹ́ tó máa ń yọ ní iwájú orí lẹ́yìn irun dídì kì í ṣe àmì pé onídìrí mọ iṣẹ́. Àmì pé irun ń fà tu nídìí ni, bí ó bá sì ń ṣe lemọ́lemọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ibẹ̀ lè pá láìní hù mọ́. Irun àfikún tó wúwo túbọ̀ ń dá kún un.

Ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ni ó yẹ kí irun ọmọdé lò kí a tó tú u. Irun bíi 50 sí 100 ló ń re lórí lójúmọ́. Inú dídì ni wọ́n máa ń há sí, ìdí nìyí tí ẹ̀kúnwọ́ irun fi máa ń bọ́ lọ́jọ́ tí a bá ń tú u, kò sì yẹ kí ìyẹn dẹ́rù ba ìyá. Bí ó bá pẹ́ jù, wọn yóò di mọ́ ara wọn, òòyà yóò sì já èyí tó wà láàyè mọ́ èyí tó ti re. Ní àwọn ìlú tó tutù, fìlà onírun àgùntàn a máa ha irun, ìrọ̀rí olówùú sì máa ń fa ọ̀rá rẹ̀ mu, nítorí náà aṣọ sátíìnì ni kí ọmọ fi wé orí sùn.

Ti ọmọ Dàda yàtọ̀, ìyẹn ọmọ tí irun rẹ̀ lọ́ pọ̀ fúnra rẹ̀ láti kékeré. Àṣà kò gbà kí a fi òòyà kan orí rẹ̀, wọn kì í sì í gé e láìṣe ètùtù tàbí sàráà, nítorí náà ó yẹ kí òbí ṣàlàyé èyí fún àwọn olùkọ́ àti olùtọ́jú ọmọ ṣáájú, kí ẹnikẹ́ni má baà fi inú rere ya ohun tí kò ṣeé yà.